Yìnyín Tí Kò Kúnlẹ̀ Mọ́

Bí ìfẹ́ bá wọni lára tán, kọ́kọ́rọ́ tí kò yẹ kéèyàn fún ẹnikẹ́ni gan-an lèèyàn á kọ́kọ́ yọ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Adúmáradán. Ẹlẹ́rìn-ín, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀wù funfun ilé ìwádìí, gbogbo ará ibi iṣẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín wá ní òun máa fẹ́ ẹ, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́bàá fèrèsé bí ẹni di ẹyin mú, Adúmáradán yọ kọ́kọ́rọ́ kejì fìrísà rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní òrùka tòun nìyẹn ná.

Ohun tó wà nínú fìrísà náà kì í ṣe ohun àfiṣeré. Purotéènì kan ni, miositátìn lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ lára wa ni kó máa sọ fún iṣan apá àti ti itan pé ó tó, ẹ má dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adúmáradán ń wá ohun tó lè pa á lẹ́nu mọ́, torí bàbá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn títí itan rẹ̀ fi rù kan egungun.

Ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń gbé e wá, á lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí àtíkè. Kéèyàn tó ṣí i, á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí i bírí-bírí kó lè sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà á fi omi tí wọ́n kán ásíìdì díẹ̀ sí pò ó, á pín in sínú ìgò bíńtín-bíńtín, á jẹ́ kó dì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ́. Bó bá yọ́ tó tún dì, agbára rẹ̀ ti lọ, bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n ti sọ fún ẹlòmíì rí.

Pẹpẹ inú fìrísà Adúmáradán ti wọ́, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ohun yòówù kó dì níbẹ̀, yìnyín rẹ̀ á fì sápá kan. Ẹlẹ́rìn-ín fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, ó ní, "Ẹ wò ó, yìnyín pàápàá ń kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi." Adúmáradán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dáni lápàárá. Bí Ẹlẹ́rìn-ín bá tún ti gba orí àtẹ̀gùn lọ yá ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Onígíláàsì, obìnrin tó ń ṣe ìwádìí tiẹ̀ ní yàrá òkè, á bi í pé ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń jẹ ìbọ̀wọ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adúmáradán ti dán iṣẹ́ náà wò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì yọrí. Bó ṣe kán purotéènì náà sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì, ṣe ni wọ́n dáwọ́ ìdàgbà dúró. Màmá, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà, ní bí ẹ̀kẹta bá bá wọn mu, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá bá wọn mu, òun á gbé e fún ẹlòmíì.

Ẹ̀kẹta dé, ó di ẹ̀tẹ́. Adúmáradán yọjú wo màíkíróskóòpù, ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kún fọ́fọ́, tí wọ́n ń tira wọn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ò sí ní kíláàsì. Màmá ò pariwo. Ó kàn bi í bóyá ó jẹ́ kí purotéènì yọ́ nígbà tí kò yẹ. Adúmáradán ní rárá. Màmá ní kó lọ rò ó dáadáa, ọ̀la làwọn máa parí ọ̀rọ̀. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n ní kó nu imú rẹ̀. Ó ní ìgò ò lẹ́sẹ̀ o, bí kò bá jẹ́ ìwọ lo gbé e, ẹnìkan ló gbé e.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá a padà sídìí fìrísà. Ó gbé ìgò kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Yìnyín inú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí omi inú abọ́. Ó gbé òmíràn, bákan náà. Kò sí ẹyọ kan tó kúnlẹ̀. Ó yé e pé ibòmíì ni wọ́n ti yọ́, fìrísà tí pẹpẹ rẹ̀ ò wọ́ ni wọ́n sì ti tún dì. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀. Èkejì ńkọ́?

Ẹlòmíì á ti sáré tọ Màmá lọ. Adúmáradán ki ìgò kan bọ inú abọ́ yìnyín, ó di ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń lọ ló ń bá ọkàn rẹ̀ pinnu pé bí Ẹlẹ́rìn-ín bá lè sọ pé "Èmi ni, forí jì mí", òun á ru ẹ̀bi náà. Òun á sọ fún Màmá pé àìbìkítà òun ni, kí iṣẹ́ máa lọ, ṣáà jẹ́ kí ìfẹ́ kù.

Ó bá a níbi tó ti ń fọ ìgò, tó ń kọrin jẹ́jẹ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹlẹ́rìn-ín nu ọwọ́, ó mú ìgò náà, ó gbé e wò. Lẹ́yìn náà ó rọra di àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn, bó ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ fèrèsé yẹn. Ó ní àárẹ̀ máa ń tan ojú jẹ. Ó ní Màmá ti le jù, bí àwọn bá ṣègbéyàwó tán, kò ní máa fi iṣẹ́ pa ara rẹ̀ báyìí. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé Adúmáradán fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, àfìgbà tó rí i pé kò wọ ìbọ̀wọ́, ìkúùkù rẹ̀ sì ń le sí i.

Ẹlẹ́rìn-ín la ọwọ́. Omi lásán ló kù nínú ìgò.

"Èwo wá ni yìnyín tó tẹ́jú?" ló fi ẹ̀rín bi í.

Adúmáradán wo àtẹ́lẹwọ́ tó tutù rinrin náà. "Ọ̀kan ni mo mú wá," ló fèsì. "Àwọn yòókù wà nínú fìrísà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹlẹ́rìn-ín. "Ó ní tó bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sóhun tó máa ṣe é. Díẹ̀ ló bù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi omi dí i."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ojú Ẹlẹ́rìn-ín tú àṣírí. Ó gbójú sókè sí àjà, níbi tí yàrá Onígíláàsì wà.

Adúmáradán na ọwọ́. Ó pẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín tó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò láàárín àwọn tiẹ̀.

"Adúmáradán mi..."

"Gba orúkọ tí o fún mi náà padà," ló sọ, ó sì jáde.

Ó ní kí Màmá bá òun dé ìdí fìrísà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ojú nìkan ni kí wọ́n fi wò ó. Màmá wo àwọn ìgò náà, ó wo pẹpẹ tó wọ́. Ó wá bi í pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

"Èmi ni mo fún un, mà," ni Adúmáradán wí, ó la ọwọ́ kí Màmá rí i.

Màmá ti ilẹ̀kùn fìrísà. Ó ní kó nu ojú, òun á pe Ẹlẹ́rìn-ín àti ará òkè. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá dé, Adúmáradán náà ló máa pò ó.

Adúmáradán ki kọ́kọ́rọ́ méjèèjì bọ okùn kan náà, ó gbé e kọ́rùn. Bó ṣe ń rìn lọ, wọ́n ń gbára wọn lórí àyà rẹ̀, wọ́n sì tutù.