Kòkòrò Inú Iyọ̀

"Ẹ má fọwọ́ kan ìgò ojú fèrèsé yẹn o, Màmá. Kòkòrò ló wà nínú rẹ̀."

Ohun tí obìnrin olùwádìí kan sọ fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, ló bá sáré gba ibi iṣẹ́ lọ. Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àmọ́ nígbà tí èyí dé inú Màmá, odindi mìíràn ló dà.

Kì í kúkú ṣe kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ló ń wí. Àwọn wọ̀nyí kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Adágún oníyọ̀ kan tó jìnnà sí òkun ni ilé wọn, níbi tí ẹja kankan ò lè gbé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ti pọ̀, omi á di elése àlùkò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ya odò wọ inú adágún náà, iyọ̀ rẹ̀ sì ti bómi lọ. Àwọn tó wà nínú ìgò yẹn nìkan ló kù láyé. Òrùlé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń tún ṣe ló jẹ́ kó gbé e wálé.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, omi tó mọ́ gaara ló bá nínú ìgò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, omi tó wà nínú ìgò yìí láàárọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù, mo fi ọṣẹ fọ ìgò náà, mo sì bu omi tuntun sí i. Ṣebí ìwọ lo ní kòkòrò wà níbẹ̀? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè. O ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?"

A kì í jágbe mọ́ ìyá ẹni. Ó gbé ariwo náà mì, omijé ló bá ojú jáde. Àyà Màmá já.

"Ṣé ohun iyebíye ni? Kí ló wá dé tó o pè é ní kòkòrò? Mo kúkú tọ́jú iyọ̀ rẹ̀."

"Iyọ̀ wo?"

"Èyí tó dì sísàlẹ̀ ìgò, tó pọ́n díẹ̀. Mo fi ṣíbí ha á. Ta ní í da iyọ̀ nù?"

Olùwádìí dìde fùú, ó sáré wọ ilé ìdáná. Ìkòkò ọbẹ̀ ń hó lórí iná.

"Màmá! Ẹ ò tíì fi sọ́bẹ̀?"

"Irú iyọ̀ yẹn kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi tó ń ro mí ni mo fẹ́ fi rẹ lálẹ́. Inú agolo tíì yẹn ló wà. Kòkòrò ò ṣáà lè gbé inú iyọ̀."

"Ó ń gbé ibẹ̀, Màmá! Ibẹ̀ gan-an nilé rẹ̀. Bí omi bá gbẹ, inú iyọ̀ ni wọ́n máa ń sùn sí." Ó gbá agolo mọ́ àyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ara sì tù ú pẹ̀sẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun tí ẹsẹ̀ ń ro yín!"

"Gbọ́ àdúrà tí ọmọ ń ṣe fún ìyá rẹ̀," ni Màmá wí.

Wọ́n po iyọ̀ náà mọ́ omi oníyọ̀, wọ́n gbé e padà sójú fèrèsé. Ọjọ́ gorí ọjọ́, omi ò yí padà, olùwádìí ò sì lè jẹun dáadáa. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá figbe ta láti yàrá. Omi náà ti di elése àlùkò, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó hàn sójú kedere.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè wọ́n ní kòkòrò létí Màmá mọ́. Bí olùwádìí bá sì gbàgbé tó fa aṣọ fèrèsé bò, Màmá á kígbe láti ilé ìdáná:

"Ṣí aṣọ yẹn jàre! Àwọn ọmọ yìí ò tíì jẹun."