Àbẹ́là Funfun ní Fèrèsé Kilcrona

Ní Kilcrona, abúlé kékeré níbi tí wọ́n bí mi sí, èènì Kérésì la fi ń mọ ipò tí ìdílé kan wà lọ́kàn Murty Garrihy. Òun ló ni ilé ìtajà tó wà lójú títì, agogo kékeré kan sì wà lórí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó máa ń dún bí oníbàárà bá ti wọlé. Bí o bá ti ń ra ìyẹ̀fun, tíì àti ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, yóò gbé èènì rẹ jáde lọ́sẹ̀ Kérésì láìjẹ́ pé o béèrè: àbẹ́là pupa gígùn tí yóò jó di àárọ̀, kéèkì tó kún fún èso gbígbẹ, àti ìgò wáìnì kan. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó wà nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń yọjú wo tẹlòmíràn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọdé ni mí. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Disẹ́ńbà, ọjọ́ àjọ̀dún Màríà tí ilé ìwé kì í ṣí, a lọ sí Máàsì àárọ̀, lẹ́yìn náà màmá mi, Delia, mú mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá Limerick. Teasie Linnane, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ ọ̀nà wa, bá wa lọ. Teasie kò lọ́kọ, kò bímọ. Òun ló ń sin pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tí ilé méjèèjì ń jẹ lọ́jọ́ Kérésì, màmá mi ló ń se púdìn, a ó sì kó ara wa jọ sídìí tábìlì Teasie. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí n tó dáyé.

Ní Limerick a ra kóòtù fún mi, a sì tún ra ìyẹ̀fun, èso gbígbẹ àti ṣúgà, gbogbo ohun tó yẹ ká rà lọ́wọ́ Garrihy, nítorí pé ó dínwó níbẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì bẹ awakọ̀ pé kó sọ̀ wá kalẹ̀ sí oríta, a sì gba inú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá kí Garrihy má baà rí àpò ọwọ́ wa. Màmá mi ní kí Teasie má jẹ́ kó ta sí ẹnikẹ́ni létí. Teasie ní òun ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Kérésì dé, a lọ sọ́dọ̀ Garrihy. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó sì nawọ́ ohun kan tó wé sínú ìwé ìròyìn sí màmá mi. Àbẹ́là funfun kan ni, kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Kò sí kéèkì, kò sí wáìnì. Màmá mi dúpẹ́, ó sì mú mi lọ sílé kíákíá.

"Ó ti mọ̀," ló sọ fún bàbá mi. "Teasie ti lọ tú àṣírí wa fún un."

Bàbá mi, tó ń kun bàtà rẹ̀, ní bóyá àbẹ́là ló wọ́n lọ́dún yìí. Màmá mi béèrè bóyá kéèkì náà ló wọ́n. Bàbá mi ní kó kúkú lọ bi Teasie. Màmá mi ní òun ò ní jẹ́ kí Teasie fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Ó rántí pé Teasie àti Garrihy rẹ́rìn-ín pọ̀ lẹ́yìn Máàsì. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sídìí fèrèsé, ó rí Teasie tó ń jáde látilé ìtajà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ohun kan tó rí rogodo mú lábẹ́ kóòtù.

"Wo bó ṣe ń gbé e. Kéèkì wa ló ń gbé lọ yẹn."

"Delia," ni bàbá mi wí, "wọn ò kọ orúkọ sára kéèkì."

Nígbà tí Teasie gbé pẹ́pẹ́yẹ wá, màmá mi sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé tòlótòló la fẹ́ jẹ lọ́dún yìí. Teasie wò ó bí ẹni tó ti ń retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yí padà, ó sì gbé ẹyẹ rẹ̀ lọ. Mo béèrè bóyá a ò ní lọ sílé rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n lọ wẹ ọwọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ tí ọ̀la jẹ́ Kérésì, èmi tí mo kéré jù nílé ni mo tan àbẹ́là náà sí fèrèsé, bí gbogbo ilé ṣe máa ń ṣe. Bàbá mi dojú ife kan dé, ó gbé àbẹ́là náà lé e kó lè ga dé ojú fèrèsé. Púdìn tí màmá mi ti sè de Kérésì ilé Teasie ṣì wà lórí pẹpẹ nínú aṣọ tó fi wé e, màmá mi kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè dà á nù. Ó ní òun á gbé e sẹ́nu ọ̀nà Teasie, òun ò ní kanlẹ̀kùn. Ó ní kí n di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ní fèrèsé ilé àkọ́kọ́, àbẹ́là funfun kúkúrú kan wà lórí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ní fèrèsé tíṣà, orí agolo ni tirẹ̀ wà. Màmá mi dín ẹsẹ̀ kù. Ó ń dúró níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń yọjú, títí ajá kan fi gbó wa. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Teasie, orí àwo méjì ni tirẹ̀ dúró lé, kúkúrú bíi tiwa. Màmá mi kanlẹ̀kùn.

"Kí ló wà lábẹ́ kóòtù rẹ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìwọ náà kú ìrọ̀lẹ́ o, Delia," ni Teasie wí. "Àbẹ́là yẹn ni. Mo fi búrẹ́dì kún un kí ẹ lè rò pé èènì mi pọ̀. Ìwọ kọ́ lo lọ rojọ́ mi fún Garrihy?"

"Èmi? Ìwọ ni mo rò pé ó rojọ́ mi."

Teasie wá ní òun ti ṣe ìwádìí: tíṣà bá mọ́tò dókítà lọ sí Galway láti rajà, àwọn ará ilé àkọ́kọ́ sì lọ sí Ennis. Ilé kọ̀ọ̀kan ló rò pé òun nìkan ni àṣírí òun tú.

"Ta ló wá sọ fún Garrihy?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Agogo rẹ̀ ni kò dún, torí ibòmíràn ni gbogbo wa ti lọ rajà."

Màmá mi gbé púdìn náà sórí tábìlì Teasie. Ó béèrè bóyá ilé ìtajà ọkùnrin yẹn ṣì ṣí. Teasie ti ń wá kóòtù rẹ̀.

Bí agogo ṣe dún lórí wa, Garrihy fò dìde lórí àga. Nígbà tó rí i pé àwa ni, ojú rẹ̀ yí padà.

"Tó bá jẹ́ torí àbẹ́là lẹ ṣe wá, ibi tágbára mi mọ nìyẹn."

"Ṣúgà ni mo fẹ́, ọ̀gá Garrihy," ni màmá mi wí.

"Ṣúgà lèmi náà fẹ́," ni Teasie wí.

Ó ń wọn ọ́n, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀tàn sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bu díẹ̀ kún ti màmá mi lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n ti pé.

A jẹ pẹ́pẹ́yẹ lọ́jọ́ kejì nílé Teasie. Ṣúgà náà la ń jẹ títí dé Àjíǹde. Kí Kérésì mìíràn tó dé, Garrihy ti ti ilé ìtajà rẹ̀ pa. Níbi tí mo ń gbé báyìí, ilẹ̀kùn ilé ìtajà máa ń ṣí fúnra rẹ̀ láìdún rárá. Mo ṣì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.