Ẹ̀ẹ̀kẹta Ló Jẹ́ Òótọ́

Ní Minisóta tiwa, l'Amẹ́ríkà níbí, ọmọlúàbí kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kíní. Bí wọ́n bá fi kọfí lọ̀ ọ́, wàá ní rárá. Bí wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́, wàá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ẹ̀ẹ̀kẹta lo tó máa gbà, itọ́ á sì ti kún ẹnu ẹ. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kíní, ọ̀kánjúwà ni.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń bá Bàbá Arvid yan búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yẹn ju ọkọ mi lọ, ọkọ mi náà sì mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá nu ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn.

"Verna, orúnkún ò jẹ́ n dúró mọ́. Ṣé wàá ra ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Ọkàn mi fò sókè. Ẹnu mi ní, "Háà, rárá o, Bàbá. Ta ni mo jẹ́?"

"Rà á jàre."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá." Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré! Inú mi ń jó.

Bí Bàbá ṣe ń lanu báyìí, ọkùnrin kan tó ń mu kọfí nídìí káńtà fò dìde. Rizzo lórúkọ ẹ̀, ará Ṣikágò.

"Mo rà á! Iye yòówù tí obìnrin yìí bá fẹ́ san, màá san jù ú lọ!"

Mo yíjú sí Bàbá.

"Verna ni mò ń bá sọ̀rọ̀," Bàbá ní.

"Ó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, etí mi báyìí ló gbọ́ ọ! Ẹ jẹ́ ká ṣòwò bó ṣe tọ́, Bàbá."

"Bó ṣe tọ́ náà ni. Níbí, a kì í ka ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ sí nǹkan kan. Rárá méjèèjì tí Verna sọ, a ti dà á nù. 'Mo rà á' tìẹ, àkọ́kọ́ ni, ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Verna ló kàn. Verna, ṣé wàá rà á?"

"MO RÀ Á!"

Mi ò pariwo bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyá àgbà kan da kọfí sára. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo dì mọ́ Bàbá, ìyẹ̀fun bò mí nímú.

"Màgòmágó gbáà lèyí!" Rizzo ní.

Mo fẹ́ fún un lésì, ṣùgbọ́n mo rò ó wò. Ká ní Ṣikágò ni wọ́n bí mi sí, màgòmágó lèmi náà ì bá pè é. Ó tọ́ lójú mi torí pé èmi ló gbè.

Ẹyọ kéèkì kan ló kù nínú àwo, ojú ń ti gbogbo wa láti mú èyí tó gbẹ̀yìn. Mo gbé e fún Rizzo. "Ẹ gbà, sà."

Ó gbà á lẹ́ẹ̀kíní. Mi ò pè é ní ọlọ́kánjúwà.