Ọ̀rá Inú Agbada Kúlúsúmù

Lọ́dún kejì tí ogun Jámánì parí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún Bùràímọ̀ lójú ọ̀nà oko. Tó bá ń ti Ẹdẹ lọ sí Alájùé, tó sì rìn kánkán díẹ̀, á dà bíi pé wọ́n fi okùn di àyà rẹ̀, apá òsì rẹ̀ á sì wúwo. Tó bá jókòó, ìrora náà á lọ. Àgbo tó mu kò ràn án. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọládòṣù, mú un wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ Dókítà Kọ́láwọlé, ọmọ Èkó kan tó gbalé sẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè.

Dókítà ní kó máa sinmi, kó má sì jẹ ọ̀rá ẹran mọ́. Ó ní ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn, tí ọ̀nà ibẹ̀ fi ń há.

Ẹran díndín sì ni Kúlúsúmù, ìyàwó Bùràímọ̀ kejì, ń tà. Ọ̀rá màlúù ló fi ń dín in, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ìdí àtẹ ẹran yẹn gan-an ni Bùràímọ̀ ti kọ́kọ́ rí i.

Láti ọjọ́ tí Bùràímọ̀ ti Òṣogbo dé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ Kúlúsúmù mọ́. Kódà tó bá jẹ́ pé Kúlúsúmù ló kàn láti dáná, ọ̀dọ̀ Àwáwù, ìyáálé rẹ̀, ni ọkùnrin náà ti ń jẹun. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ìta pé ẹran Kúlúsúmù ló fẹ́ pa ọkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Bàbá Sàdíátù, kí ni ìyá yín ń jẹ títí wọ́n fi darúgbó?”

“Ẹran ọlọ́ràá.”

“Ṣé ó pa wọ́n?”

“Kò pa wọ́n. Àmọ́ bàbá mi náà jẹ ẹ́. Àyà ló pa á, kò tíì hewú.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Kúlúsúmù fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Òṣogbo.

“Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rá ló ń pa ọkọ mi,” ló wí fún dókítà. “Ṣé ẹ rí i nínú ara rẹ̀ ni?”

“Rárá, ìyá. A ò lè rí inú ẹni tó wà láàyè. Inú òkú ni mo ti rí i, ó lẹ̀ mọ́ iṣan wọn. Mo sì kà á pé àwọn òyìnbó kan fi ọ̀rá inú ẹyin bọ́ ehoro, iṣan ehoro náà dí.”

“Ehoro ń jẹ ẹyin ni?”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kì í jẹ ẹ́. Ohun tí àwọn dókítà mìíràn ń sọ náà nìyẹn. Wọ́n ní ehoro kì í ṣe èèyàn, wọ́n ní ọjọ́ orí ló ń ba iṣan jẹ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ó jọ òótọ́ lójú mi, àmọ́ mi ò lè búra. Ká ní bàbá mi ni, mi ò ní fún un lọ́ràá.”

“Ẹ ò bá ti sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀.”

“Ó yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Nínú ọkọ̀, Kúlúsúmù rò ó pé òun lè sọ ìlàjì, kí òun ní dókítà ò mọ nǹkan kan. Nígbà tó délé, gbogbo rẹ̀ ló sọ, títí kan ti bàbá dókítà.

Bùràímọ̀ bi í pé, “Kí lo rò sí i?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí nítorí ikú bàbá yín. Ẹ má jẹ ọ̀rá. Àmọ́ ẹ máa jẹ oúnjẹ mi.”

Ẹja àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló sè lọ́jọ́ tó kàn án, epo ibẹ̀ ò ju kó kàn pọ́n lọ. Bùràímọ̀ jẹ ẹ́ tán. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í nídìí àtẹ nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún, pé dókítà gan-an ò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà padà.

Àyà náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ pátápátá. Bùràímọ̀ lo ọdún bíi mélòó kan kí ó tó kú sójú oorun. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn kan ní ọ̀rá tí kò jẹ ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọládòṣù, tí kò fi ọ̀rá sílẹ̀ rí, sọ pé ọjọ́ àbúrò òun ló pé. Wọ́n bi Kúlúsúmù, ó ní òun ò mọ̀, ó sì ń bu omi fún àwọn àlejò lọ.