Fìlà Ewé Lórí Bàbá Mi

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé rẹ̀. Inú àkùrọ̀ ìrẹsì Bàbá ni mo wà, àmọ́ pálọ̀ wa náà ni. Ewé wẹ́wẹ́ orí omi tí à ń ṣèwádìí rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, èyí tí mo gbé wá lánàá pé kí Bàbá dà sí oko dípò ajílẹ̀, ti bo gbogbo omi. Mo ń fi abọ́ bù ú kúrò, ó ń pọ̀ sí i. Bàbá wá yọ látinú omi, wọ́n dé ewé náà bíi fìlà. Wọ́n ṣí i láti kí mi, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí ìyẹn náà, òmíràn tún wà. Fìlà kún ọwọ́ mi, gbogbo rẹ̀ tutù. Ni Bàbá bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí, Mà. Ìrẹsì mi dà?" Mo wò yíká, mi ò rí ẹyọ kan. Mo la ẹnu láti fèsì, ni mo bá jí.

Màmá, ṣé Bàbá ti gbé àpò ewé yẹn lọ sóko?