Ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri Ọ̀gá Irin

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́: mi ò yọ fídíò náà kúrò, mi ò sì ní yọ ọ́. Ẹni tó bá ń bínú, kó lọ fi orí gbá ògiri.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, nínú yàrá kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Òórùn rọ́bà ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn. Tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ti lọ, màá jókòó ti fóònù mi, màá máa wo fídíò àwọn tó ń kọ́ aráyé ní ìjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá sì máa dá wọn lẹ́jọ́. Màá dá fídíò dúró níbi tí àṣìṣe wà, màá fi ìka tọ́ka sí i, màá sì gba ohùn tèmi sílẹ̀. Ẹ wo àtàǹpàkò ẹni yìí tó ká sínú ẹ̀ṣẹ́. Ọjọ́ tó bá gbá nǹkan gidi, àtàǹpàkò yẹn á kán. Ẹ wo èyí tó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun. Ẹ wo ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, tí ọwọ́ òsì ń sùn ní ìbàdí. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Adájọ́ nìyẹn. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo mọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fídíò Ọ̀gá Irin, mo yìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mo ti pa ohùn fóònù nítorí ìyá àgbà kan tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin gìrìwò kan ń kọ́ni ní ohun téèyàn máa ṣe tí olè bá yọ ọ̀bẹ, wọ́n wá kọ lẹ́tà gàdàgbà sísàlẹ̀: MA SA. Mo ní háà, a dúpẹ́ o, ẹni tó ní làákàyè ti dé. "Máa sá" ni mo kà á sí. Ohun tí èmi náà máa ń sọ nìyẹn: tó o bá rí ọ̀bẹ, tí ọ̀nà sì wà, ju àpò sílẹ̀ kó o máa sá lọ. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí ohùn sókè ni mo tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń wí. "Má sá" ló ń sọ. Ó ní ojo ló ń sá, ó ní kéèyàn gbá ọrùn ọwọ́ olè mú, kó sì yí i.

Mo wo fídíò yẹn títí orí mi fi gbóná. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ mú ọ̀bẹ rọ́bà lọ́wọ́, ó na apá gbọọrọ, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí télọ̀ ń wọn ọwọ́ aṣọ fún. Ọ̀gá gbá a mú, ó yí i, ọmọ iṣẹ́ ṣubú, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olè wo ló máa na apá sílẹ̀ dè ẹ́? Olè á gún, á fà á padà, á tún gún. Mo ṣe fídíò tèmi, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ohun tí ọkùnrin yìí ń kọ́ni á pa èèyàn.

Ẹ̀rín ni mo fi ń gba èébú àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní ìlara ló ń dà mí láàmú, wọ́n ní obìnrin wo ló mọ ìjà, ẹnì kan ní kí n lọ wá ọkọ. Mo kà á sétí ọkọ mi níbi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó ní kí n sọ fún un pé kò sí àyè mọ́.

Ẹ̀rín yẹn dá lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin wọlé. Ọmọ ìyá mi ni, ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ilé oògùn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló sì máa ń wà nídìí káńtà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Àwọn olè ti fi ọ̀bẹ ja ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn lólè, àyà ẹ̀ sì ti ń já látìgbà náà. Mo ti ní kó wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ mi, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun máa jágbe mọ́ òun níwájú èèyàn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Irin ló gbà lọ.

Ó jókòó, kò tiẹ̀ gbé àpò kúrò léjìká. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n yọ fídíò náà kúrò, pé gbogbo kíláàsì ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí, ojú ń ti òun. Mo bi í pé tí olè bá dé, kí ló máa ṣe. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó gbá afẹ́fẹ́ mú, ó sì yí i. Ojú ẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti kọ́ mi débi tí ẹ̀rù ò bà mí mọ́," ló wí.

"Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó fi ìbínú jáde, kò sì gbé ìpè mi mọ́. Mi ò lè sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ta ló mọ ìjà jù. Ọmọ ìyá mi máa na ọwọ́ sí ọ̀bẹ, ẹlòmíì ló kọ́ ọ.

Ọ̀gá Irin fúnra ẹ̀ wá pè mí. Màdáámù lọ́tùn-ún, màdáámù lósì. Ó ní kí n wá sí gbọ̀ngàn òun ní Sátidé, kí n tọrọ àforíjì níwájú àwọn ọmọ, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo ní màá wá. Mi ò sọ pé màá tọrọ àforíjì. Bí mo ṣe ń lọ, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, mo ra máákà pupa kan.

Gbọ̀ngàn ẹ̀ mọ́ ju yàrá mi lọ, mi ò ní purọ́. Dígí ńlá wà lára ògiri kan. Lára ògiri kejì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó funfun: MA SA. Àbúrò mi wà láàárín àwọn ọmọ kíláàsì, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ṣì wọ kóòtù funfun ibi iṣẹ́ torí ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Kò wo ojú mi. Ọ̀gá Irin ní àlejò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtúúbá.

Mo ṣí ìdérí máákà. Mo ní ọ̀bẹ mi rèé. Ẹni tó bá lè gbá ọwọ́ mi mú kí íǹkì tó kàn án, màá yọ fídíò náà lójú ẹ̀, màá sì kúnlẹ̀ bẹ gbogbo ilé. Mo wá kọjú sí Ọ̀gá Irin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í bá èèyàn ṣeré ọmọdé. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe é báyìí, eré náà ò ní pẹ́. Ó wo dígí, ó wo àwọn ọmọ ẹ̀, ó ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun láti àná.

"Èmi máa ṣe é," ni àbúrò mi wí.

Ó gbé àpò sílẹ̀, ó bọ́ síwájú. Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ó ń ṣe gbogbo ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Mo gún un. Kó tó na ọwọ́, ọwọ́ mi ti padà, ó ti tún dé. Ó rí mi gbá mú lẹ́ẹ̀kan, òógùn yọ mí lọ́wọ́ ẹ̀, mo ti fa pupa sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ní ikùn, ní abẹ́ etí. Mi ò ṣàánú ẹ̀, torí ẹni tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní ṣàánú ẹ̀. Nígbà tí mo dúró, ó wo ara ẹ̀ nínú dígí, ó fọwọ́ kan ọrùn, ó wo ìka ẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n tún gbé e pọ̀n.

Ọ̀gá Irin ní kò di ọwọ́ mú dáadáa ni, pé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Mo ní, "Gbé àpò ẹ, ká tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ka ohun tó wà lára ògiri yẹn bí ìyá wa ṣe máa kà á fún ẹ."

Ó gbé àpò. Ó wo ògiri, ó wò ó pẹ́. Mo já lù ú. Àbúrò mi la àpò mọ́ mi lójú, ó yí padà, ó sì fi eré sí i. Ó gba àárín àwọn ọmọ kíláàsì kọjá, a gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di ìta. Èmi tí mò ń sáré ní àràárọ̀, mo lé e, mi ò bá a. Ìgbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wà lódì kejì títì láàárín èrò, ó ń pariwo olè, àwọn èèyàn sì ti ń wá olè náà kiri. Mo yára fi máákà pamọ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí.

Ó padà wá, ó ń mí gúlegúle, omi wà lójú ẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀. Kò sí pupa kankan tó kún ti tẹ́lẹ̀. Ó gba máákà lọ́wọ́ mi, ó gòkè lọ bá pátákó. Ó fi A kan kún MA, ó fa àmì òkè sórí A àkọ́kọ́, ó fa òmíràn sórí SA. Ọ̀gá Irin sáré dé ẹ̀yìn ẹ̀, ó ń bi í pé ta ló ní kó ba pátákó òun jẹ́.

Àbúrò mi dé máákà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Èmi kàn fi àmì sí i ni."