Orúkọ Tí Keziah Pè Nínú Ọkọ̀

Keziah dárúkọ àbúrò rẹ̀ fún àwọn àlejò nínú ọkọ̀ Jímọ́ọ̀, eré lásán ni wọ́n sì ń ṣe tó fi dárúkọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin ló kàn," Tolúlọpẹ́ ń pariwo. "Azikiwe ni bùrọ̀dá yìí sọ. E ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E."

Táyà ló bẹ́ láàárín Ìlọfà sí Ọ̀sì, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí abà. Wọ́n ti jí èèyàn mẹ́ta gbé níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹnì kan péré ló padà wálé. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Jímọ́ọ̀ awakọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá táyà, ó ń làágùn, nọ́ọ̀tì kan kọ̀, kò tú. Igbó dí ní ọ̀tún, ó dí ní òsì. Bí ewé bá mì, gbogbo orí a yí síbẹ̀.

Tolúlọpẹ́, ọmọbìnrin tó ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣe eré, kí etí àwọn lè kúrò nínú igbó. Ẹnì kan á dárúkọ èèyàn tí gbogbo ayé mọ̀, lẹ́tà tó bá gbẹ̀yìn orúkọ náà ni ẹni tó kàn á fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, wọn ò ní ka àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà sí. Ẹni tí kò bá rí orúkọ pè á bọ́ sílẹ̀ lọ bá Jímọ́ọ̀ di táyà mú. Òun fúnra rẹ̀ fi Mandela bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tó so adìyẹ mọ́ ẹsẹ̀ àga pe Awólọ́wọ̀. Jímọ́ọ̀ kígbe "Okocha!" láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

"Ta ló pè ọ́ sí i?" ìyá aládìyẹ dá a lóhùn. "Tú nọ́ọ̀tì rẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun, tó gbé báàgì wúwo kan lé itan, ló wá sọ Azikiwe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìlọfà ló ti wọkọ̀.

Keziah ń wá E. Kò rí i. Kò sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn rárá.

"Ìyá Ìbídùnní, ẹ̀gẹ́ lẹ mọ̀," ìyá aládìyẹ sọ fún Keziah. "Ẹ kúkú pe ẹ̀gẹ́."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Keziah ti ń yan gààrí l'Ọ́sì, ìwé mẹ́rin péré ló kà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Ení, èjì, ẹ̀ta," Tolúlọpẹ́ ń kà.

"Ebenezer Lábọ̀dé!"

Wọ́n wo ara wọn. "Ta nìyẹn?" Tolúlọpẹ́ béèrè. "Olórin ni àbí agbábọ́ọ̀lù? Mọ́mì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ bọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n! Àbúrò mi ni. Abúja ló wà. Àwọn tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n, òun àtàwọn ni wọ́n jọ ń jẹun. Ta ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí Òkè-Ọ̀pin? Òun ni. Ẹ̀yìnkùlé ìyá wa gan-an ló gbẹ́ ẹ sí, gbogbo àdúgbò ló ń pọn omi níbẹ̀. Ta ló ra dùùrù fún ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n ní ẹnì kan tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun. Òun náà ni!"

"Ó tó, ó tó, a ti gbà," Tolúlọpẹ́ ní. "Gbajúmọ̀ ni."

Keziah fẹ̀yìn tì. Inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè mí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà ni ohun tó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ní ìlú wọn, láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti dé, èèyàn kì í fi ohun tó ní hàn mọ́. Ilé tí Ebenezer kọ́ fún ìyá wọn, inú rẹ̀ nìkan ló rẹ́, ó fi ìta sílẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù pupa bí ilé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá ń bọ̀ wálé, á fi mọ́tò sílẹ̀ ní Ìlọrin, á gun ọ̀kadà pẹ̀lú bàtà sìlípáàsì. Ó ti kìlọ̀ fún Keziah títí ẹnu fi bó o pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pe orúkọ mi lójúde." Ọdún mẹ́ta ni Keziah fi pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rín ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí i.

"Màmá," ọkùnrin onífìlà funfun sọ jẹ́jẹ́, "kànga ẹ̀rọ yẹn, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ń bá Màmá àgbà tọ́jú rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àwọn nìkan ló ń gbé ilé." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mú un. 

"Ẹ̀gbẹ́ ibo nílé wọn wà gan-an?"

Ìyá aládìyẹ ló dáhùn fún Keziah, ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ilé tí wọn kò rẹ́. Ọkùnrin náà mi orí. Ó yọ fóònù, ó yíjú sí fèrèsé, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbólóhùn kan péré ni Keziah gbọ́: "Mo ti rí ọ̀kan."



Jímọ́ọ̀ tú nọ́ọ̀tì, ó pààrọ̀ táyà, wọ́n gbéra. Ní oríta Òkè-Ọ̀pin, ọkùnrin náà ní kí wọ́n dá òun sílẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sọ̀, irin dún nínú rẹ̀. Keziah fẹ́ bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò dìde lórí àga. Bó bá ní ìbọn ńkọ́? Bí àwọn yòókù bá ń dúró dè é ńkọ́? Ọkọ̀ lọ, ó ń wo fìlà funfun náà títí tó fi kéré bí ẹ̀kùrọ́ sójú ọ̀nà.

Bó ti bọ́ sílẹ̀ l'Ọ́sì, ó pe Yèyé, ìyá rẹ̀. Fóònù ti kú. Kì í yà á lẹ́nu lọ́jọ́ mìíràn, nítorí iná kì í sí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀mẹta ló tẹ nọ́ńbà Ebenezer kó tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Ebenezer, ọkùnrin kan ń béèrè ilé Yèyé. Ó ti sọ̀ ní oríta."

"Ta ni? Báwo ló ṣe mọ Yèyé?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún un?"

"Mo ní mi ò mọ̀!"

"Ẹ jẹ́ n pe Ọládiméjì," Ebenezer ní, ó sì gé fóònù.

Ọládiméjì ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Òkè-Ọ̀pin. Wọ́n jí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lọ́dún tó kọjá, kò padà. Látìgbà náà, kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Keziah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń pe Ebenezer.

Ó gun ọ̀kadà. Lójú ọ̀nà, kò rí oko, kò rí igi, ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rí nínú igbó, láìsí bàtà, tí wọ́n ń fi igi tì í síwájú. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Kò lè rìn dé ilé kẹta kó má sinmi.

"Sáré, ọmọ mi," ó ń sọ fún ọlọ́kadà. "Jọ̀ọ́, sáré."

"Màmá, eré là ń sá yìí. Ṣé kí n fò ni?"

Ó gbọ́ ariwo kó tó rí ilé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ márùn-ún ló yí orí kànga ẹ̀rọ ká, ọkùnrin onífìlà funfun wà láàárín wọn lórí eékún. Fìlà ti ṣí lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń sun ní imú rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ orí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ń sọ, "Waliyullah ni mí, àwọn èèyàn mi wà n'Ílọrin, ẹ bi Màmá àgbà wò."

"Màmá àgbà dà?" Ọládiméjì ní. "Ibo lẹ gbé wọn lọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ọ̀bẹ lára Keziah. Ìyá rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, kò sì sí ìyá rẹ̀.

Ọládiméjì rí i, ó na fóònù kan sí i. "Ìyá Ìbídùnní, ẹ wò ó. Àwòrán ilé yín ló wà nínú ẹ̀. Mẹ́rin. Ṣé ọkùnrin tí ẹ rí nínú ọkọ̀ nìyí?"

Waliyullah gbé ojú sókè. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ sọ ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ yín."

Bí Keziah bá sọ ohun tí ọkùnrin náà béèrè, yóò sọ ohun tí òun náà fi dá a lóhùn. Òkè-Ọ̀pin á gbọ́. Ebenezer á gbọ́.

"Òun ni," ó ní.

Ẹ̀ṣọ́ kan gbé ìdí ìbọn sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ọwọ́ tó wà lórí sìmẹ́ńtì. Ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí lẹ ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

Yèyé ló dúró létí ilé, ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó mú okùn gígùn kan lọ́wọ́ kejì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Èmi ni mo ní kó tún ẹ̀rọ ṣe! Ọ̀sẹ̀ méjì ni a ò ti rí omi fà. Ó ní kí n wá okùn tóun máa fi fa irin rẹ̀ jáde, mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí lẹ ṣe?"

Ọládiméjì tẹ̀ síwájú, ó tú báàgì náà dà sílẹ̀. Sípánà ni, lóríṣiríṣi, àti páìpù kúkúrú, àti àwọn awọ rírọ̀ tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ omi kí ó lè fà. Ẹ̀rọ náà ló wà nínú àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé kàn hàn lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ n'Ílọrin, ẹni tó pè láti inú ọkọ̀ pé òun ti rí ẹ̀rọ kan tóun lè tún ṣe, ló fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sí, kó lè mọ irú awọ tó máa bá a mu.

"Ìyá Ìbídùnní ló ní òun ni," ẹ̀ṣọ́ oníbọn ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní òun ni."

Yèyé wo Keziah. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé ọwọ́ ọkùnrin náà.

Ọjọ́ kẹrin, Keziah wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù tí wọ́n gbé Waliyullah lọ n'Ílọrin. Ebenezer ti ní kó má lọ, pé òun á rán èèyàn. "Àṣìṣe ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ṣì í mú. Ẹ má fi ẹnu yín kó ohun tí kò kàn yín." Ó lọ.

Asiat, ìyàwó Waliyullah, jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní ògì. Ó dìde fún àgbàlagbà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ̀yin ta ni?"

"Ọmọ Yèyé Òkè-Ọ̀pin ni mí."

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Wọ́n ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣì í mú ni. Kádàrá."

Keziah lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọ̀nà ti là fún un, ẹlòmíràn ló là á.

"Wọn ò ṣì í mú," Keziah ní. "Wọ́n bi mí léèrè, mo ní òun ni. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ilé wa nínú ọkọ̀. Kó tó béèrè ni mo ti sọ ọ́. Mo gba ara mi là lójú wọn."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Asiat. Waliyullah la ojú.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí nínú ọkọ̀ yẹn," ó ní. "Mo ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, mi ò ní máa gbọ́ igbó."

Asiat gbé àwo ògì sílẹ̀. Kò ní kí Keziah jókòó, kò sì ní kó máa lọ. Keziah dúró síbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn dókítà ti gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún Waliyullah, àtàǹpàkò nìkan ló kù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń fi ọwọ́ náà tún ẹ̀rọ omi ṣe, kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn.